Ìforítì Dé Òpin Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ẹnìkan

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, lórúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ àwọn àgbà wò)

    Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí wà láàrin wa pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni ni wọ́n ní kí á sọ lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí a máa sọ nípa àwọn àgbà wa kan gbogbo ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fetí sí i.

Àkòrí tí ìgbìmọ̀ gbé lé wa lọ́wọ́ ni ìforítì nínú ìgbàgbọ́ láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó. Nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, a bi ara wa léèrè pé, kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀? Àlùfáà wà, pásítọ̀ wà, wòlíì wà. Ìdáhùn tí a rí ni pé àwa ni a máa ń wà lẹ́bàá ibùsùn ní aago mẹ́ta òru. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tí okun tán, tí owó kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, tí àwọn ọmọ sì ti lọ síbi iṣẹ́, ìṣojú wa ni ó ń ṣe. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ìforítì kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó forí tì í ni alágbára tí kò sunkún rí, tí kò ṣiyèméjì rí, tí kò sì béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń dé òpin ni ẹni tí ó ní àwọn àṣà kékeré tí kò fi sílẹ̀, tí ó sì ní àwọn ènìyàn tí wọ́n dì í mú nígbà tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́.

ÀGBÀ TÍ Ó BÉÈRÈ AṢỌ ÒTÚTÙ

Ẹ jẹ́ kí á lọ sínú ìwé kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, orí kẹrin. Gbogbo wa ni a mọ ẹsẹ keje, níbi tí ó ti fi ayé rẹ̀ wé ìjà àti eré ìje, tí ó sì sọ pé òun ti parí rẹ̀, ìgbàgbọ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ òun. A máa ń kọ ẹsẹ yẹn sára ìwé ètò ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró níbẹ̀, a kì í kà á lọ sísàlẹ̀.

Bí a bá kà á lọ, a ó rí i pé ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ní àkókò náà, àgbà sì ti dé sí i. Ó ní Démà ti fi òun sílẹ̀ lọ nítorí ayé. Ó ní Lúùkù nìkan ni ó kù lọ́dọ̀ òun. Ó ní kí Tímótíù mú Máàkù dání bí ó bá ń bọ̀. Ó ní kí ó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kápù, kí ó sì kó àwọn ìwé òun wá. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbìyànjú kí ó dé kí ìgbà òtútù tó wọlé.

Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa. Àpọ́sítélì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ti sáré ìje náà parí ni òtútù ń mú. Ojú rẹ̀ ń wá àlejò. Ó fẹ́ ìwé tí yóò máa kà. Kò rò pé bíbéèrè nǹkan wọ̀nyí fi hàn pé ìgbàgbọ́ òun kéré. Nínú àwa tí a ń gbé ní Ìlú Ọba yìí, àwọn àgbà wà tí òtútù ń mú nínú ilé, tí wọn kò tan ẹ̀rọ amúlé-móoru nítorí owó iná, tí wọn kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá bi wọ́n, wọn á ní, “Adúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é.” Òótọ́ ni pé Ọlọ́run ń ṣe é, ṣùgbọ́n Tímótíù ni Pọ́ọ̀lù rán níṣẹ́ aṣọ.

Ẹ tún wo Lúùkù. Ìwé Kólósè orí kẹrin pè é ní oníṣègùn. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, oníṣègùn ni ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpọ́sítélì. A ń sọ èyí nítorí àwọn kan láàrin wa rò pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn àtọ̀gbẹ ti jó rẹ̀yìn nínú ìgbàgbọ́. Wọ́n á pa oògùn tì nítorí ààwẹ̀ tàbí nítorí àsọtẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni a ó sì ti bá wọn pàdé pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀. Àdúrà kò bá oògùn jà. Bí o bá fẹ́ gbààwẹ̀, tí o sì ń lo oògùn, bá dọ́kítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tí yóò sá eré ìje dé òpin níláti tọ́jú ẹsẹ̀ tí ó fi ń sá a.

Ẹnìkẹta ni Máàkù. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàlá sọ pé ó padà lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Nítorí rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ṣe bínú pínyà. Ṣùgbọ́n ní òpin, òun ni Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n mú wá, ó ní ó wúlò fún òun. Nítorí náà, ìforítì kò túmọ̀ sí pé ènìyàn kò padà sẹ́yìn rí. Àwọn ọmọ wa wà tí wọn kò yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún pípẹ́. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ máa pè wọ́n wá jẹun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a kò sì mọ ọjọ́ tí Máàkù yóò padà wúlò.

ỌMỌ ÒṢOÒGÙN ÀTI ÌYÁ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnìkan láàrin ìran tiwa wò. Gbogbo wa mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ohun tí a máa ń rántí ni oyè rẹ̀ àti Bíbélì Yorùbá. Lónìí, bí ọ̀nà rẹ̀ ti gùn tó ni a fẹ́ kí ẹ wò.

Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó o ní Òṣoògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, nígbà tí ó jẹ́ ọmọdékùnrin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi jù ú sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ó sì ṣe ìrìbọmi ní oṣù Kejìlá 1825. Ní 1843 ni wọ́n fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, sì ti fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25.

Nígbà tí Àfàlá rí ọmọ rẹ̀, arúgbó ni. Ọlọ́run tí ọmọ rẹ̀ ń sìn ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tirẹ̀, ó gbà á, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1848, pẹ̀lú orúkọ Hánà. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ rò pé ó ti pẹ́ jù fún yín, ẹ rántí Àfàlá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí á máa rìn ni ó kù.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí inú àwa nọ́ọ̀sì máa ń dùn sí. Crowther wà nínú ọkọ̀ tí ó lọ sí Odò Ọya ní 1841. Ibà pa bí ogójì nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n lọ. Ní 1854 ó tún bá ọkọ̀ mìíràn lọ sí odò kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, dọ́kítà tí ó ṣáájú wọn, Baikie, mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó dé. Ibà kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Odò náà kò yí padà, ẹ̀fọn kò sì dín. Ohun kékeré tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó gbà wọ́n. Bí ìgbàgbọ́ ti rí náà nìyẹn. Àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún tí a kì í pa jẹ dára ju ìṣọ́ òru kan ṣoṣo lọ́dún lọ. Kí àìsàn tó dé ni a ń lo kuníìnì.

Ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Odidi Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún, parí ní 1884. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, à bá ní òpin rẹ̀ dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó le kò tíì dé. Nígbà tí ó ti tó ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì kan dé láti Ìlú Ọba. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò mọ́. Ní 1890 wọ́n lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ojú àgbà náà gbolẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ olórí rẹ̀. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ìgbàgbọ́, kò sì fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò rọrùn láti sọ. Ìdánwò tí ó le jù kì í sábà dé ní ìgbà èwe. Ó lè dé lẹ́yìn tí a ti ṣe iṣẹ́ wa tán, ó sì lè ti ọwọ́ àwọn tí a jọ ń jẹ nínú oúnjẹ Olúwa wá. Ọkọ̀ ẹrú kò lè já Crowther sílẹ̀, àbùkù inú ìjọ ni ó dán an wò ní ogbó.

OHUN TÍ Ó Ń JÁ ÈNÌYÀN SÍLẸ̀ NÍHÌN-ÍN

Nínú ìbẹ̀wò wa, a máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan sọ pé òun jókòó, òun ronú, òun sì rí i pé Ọlọ́run kò sí. Ohun mẹ́ta ni a sábà ń gbọ́.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́. Ènìyàn gba ṣíìfù ọjọ́ Ìsinmi kan nítorí owó ilé. Ó tún gba èkejì nítorí owó tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Kí ó tó mọ̀, ó ti di oṣù mẹ́fà tí ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjà, kò sí ọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àwa náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, a kò lè sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Àìsàn kì í mọ ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí a lè sọ ni pé kí ẹni tí iṣẹ́ gba ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀ yan ọjọ́ mìíràn, kí ó dúró lórí rẹ̀. Àwa mẹ́ta-mẹ́rin máa ń pàdé ní ọ̀sán Ọjọ́rú ní ilé ẹnìkan nínú wa. A máa ń ka orí Bíbélì kan, a máa ń gbàdúrà, a máa ń jẹ ẹ̀bà, a sì máa ń lọ sùn kí iṣẹ́ òru tó tún dé. Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Òun ni ó mú wa dúró láti ọdún yìí wá.

Èkejì ni ọgbẹ́ inú ìjọ. Pásítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí pẹpẹ tí ẹnìkan mọ̀ pé òun ni ó ń bá wí. Owó pòórá nínú àpò ìjọ. Ẹnìkan sọ àṣírí níbi àdúrà, àṣírí náà sì di ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn bàbá wa tí wọ́n dé Ìlú Ọba ní nǹkan bí 1950 sí 1970 rí tiwọn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, wọ́n á lọ sí ìsìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì rọra sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n má padà wá, nítorí awọ ara wọn. Wọn kò tìtorí èyí fi Kristi sílẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ nínú yàrá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu ìlù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí onílé má baà gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn ìjọ Aládúrà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Èyí tún mú wa rántí Ìfọ́lé tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867. Wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó sì níláti fi ìlú sílẹ̀. Òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n ìjọ kò lọ. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n gbàgbọ́ ni wọ́n di ara wọn mú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìjọ kan ti ṣá lọ́gbẹ́, a kò ní kí ẹ ṣe bí ẹni pé kò dùn yín. Bí ó bá yẹ kí ẹ lọ sí ìjọ mìíràn, ẹ lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé tàbí ti ìfìyàjẹni, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìforítì ni kí ẹ dákẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má dá wà. Ẹyín iná tí ó bá dá yọ kúrò nínú ààrò kì í pẹ́ kú.

Ẹ̀kẹta ni àdúrà tí kò gbà bí a ti fẹ́. Ìwé ìgbélùú kò jáde. Ọmọ kò dé. A gbààwẹ̀ fún aláìsàn, aláìsàn náà kú. A ti dúró lẹ́bàá irú ibùsùn bẹ́ẹ̀, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín jẹ. A kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò fẹ́ ìwàásù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fẹ́ ẹni tí yóò gbé ọbẹ̀ wá, tí yóò bá a fọ abọ́, tí yóò sì jókòó. Bí kò bá lè gbàdúrà, kí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbà á dípò rẹ̀. Bí ìbànújẹ́ náà bá pẹ́, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ mú un lọ bá dọ́kítà ní kíákíá. Àìsàn ọkàn kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́.

NÍGBÀ TÍ IYÈ BÁ RA

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Àwọn tí wọ́n wá kàwé ní ìgbà èwe, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ní ọdún márùn-ún ni àwọn yóò lò kí àwọn padà sílé, wọ́n ti darúgbó síhìn-ín. Àwọn kan nínú wọn ní àìsàn tí àwọn dọ́kítà ń pè ní dimẹ́ńṣíà. Nílé, a máa ń ní wọ́n ń ṣarán. Àìsàn inú ọpọlọ ni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀. Bí ìyá bá dìde lóru tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ó ń jẹ́wọ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ pátápátá.

Nínú àìsàn yìí, ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Àgbà lè gbàgbé ohun tí ó jẹ ní òwúrọ̀, kí ó sì rántí ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó ti sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ogójì ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù rẹ̀, kí ó padà sínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi pè é. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà nínú ilé ìtọ́jú àgbà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ènìyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, Yorùbá tí ó já gaara ni ó ń sọ! Omi ni ó ń béèrè.

Ohun tí a sì ti rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé orin tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi àti àdúrà Olúwa tí wọ́n kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn kì í tètè lọ. Àgbà tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ lè gba orin náà lẹ́nu rẹ, kí ó kọ ọ́ parí. Ojú rẹ̀ á là fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún padà lọ. Àwọn ọmọ máa ń bi wá pé, “Ṣé ìgbàgbọ́ màmá ṣì wà, nígbà tí kò lè sọ ọ́ mọ́?” Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé Ọlọ́run kì í gbàgbé ẹni tí ó bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n títí ó fi máa lọ bá a, àwa ni iyè rẹ̀. Bí ìyá kò bá lè rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè rántí àdúrà, àwa ni ẹnu rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu.

Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ilé ìtọ́jú àgbà mọ́ àlejò, a rí i bí ìdáwà ti lágbára tó. Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé fóònù sí etí wọn kí ọmọ lè kọrin sí i láti òkèèrè. Lónìí, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ta ni ó ń wọlé?

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sórí àtẹ́wọ́. Ohun márùn-ún ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí iyè wọn ṣì pé. Ẹ béèrè orin tí wọ́n fẹ́ràn, orí Bíbélì tí wọ́n fẹ́ kí a máa kà sí wọn létí, ìjọ tí ó yẹ kí a ránṣẹ́ sí bí ara wọn kò bá yá, àti oúnjẹ tí wọ́n máa ń jẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá wọ ilé ìtọ́jú, ẹ rí i pé ó wọ inú ìwé ìtọ́jú wọn pé Yorùbá ni èdè wọn, Kristẹni sì ni wọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè rẹ̀.

Èkejì, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí fóònù: àdúrà, orin, oríkì. Oríkì pẹ̀lú, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́wàá fún àwọn olùtọ́jú, irú bí omi, oúnjẹ, ìrora, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ṣé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ kọ́ wọn ní àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá. Bí ahọ́n wọn bá ń ta kókó, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ẹ ń gbìn sí wọn nínú nísinsìnyí lè jẹ́ ohun tí yóò kù nígbà tí nǹkan yòókù bá ti lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́, a nílò yín. Àwa tí a ń ṣe ìbẹ̀wò kò pọ̀, orúnkún àwa náà sì ti ń dùn wá. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni a ń béèrè. Ẹ kò níláti mọ ìwàásù. Ẹ jókòó, ẹ di ọwọ́ àgbà náà mú, ẹ jẹ́ kí ó pè yín ní orúkọ ẹlòmíràn bí ó bá fẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yin gan-an ni yóò máa lágbára sí i nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ó ń ṣe yín. Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ wí. Bí ẹ bá ń ṣubú, ẹ wí. Bí ẹ bá jí ní òru tí ẹ sì ń ṣiyèméjì nípa Ọlọ́run tí ẹ ti sìn láti ìgbà èwe, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní fi yín ṣẹ̀sín. Pọ́ọ̀lù kò tijú láti béèrè aṣọ òtútù.

Ìwé kan wà lórí tábìlì ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì. Ọ̀nà méjì ni a pín in sí. Apá kan wà fún orúkọ àwọn àgbà tí ẹ fẹ́ kí á máa bẹ̀ wò, apá kejì wà fún orúkọ àwọn tí wọ́n lè máa bá wa lọ. Ní ìdajì ọdún tí ó kọjá, apá àkọ́kọ́ kún dé ìsàlẹ̀, apá kejì kò ní ju orúkọ mẹ́rin lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó mú abọ́ jọ́lọ́ọ̀fù, ẹ kọ́kọ́ mú bírò. Ìgbà òtútù ti ń bọ̀ lọ́nà.

Olúwa yóò dá gbogbo wa sí. Kò ní jẹ́ kí á já sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà, bí ẹsẹ̀ wa bá sì yọ̀, yóò fi ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ wa.